Ẹni Tó Pè Wá Kọ́ Ni Yóò Júwe Ọ̀nà Báńkì Fún Wa

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ará Kabusa ní Abuja gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n ṣàlàyé bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́, íméèlì, líǹkì àti ìpè orí fóònù gba àṣírí àkáǹtì lọ́wọ́ èèyàn, kí n sì sọ bí a ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìkìlọ̀ kò wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Báńkì ń kìlọ̀, ìjọba ń kìlọ̀, ilé ìjọsìn ń kìlọ̀, síbẹ̀ owó ṣì ń lọ. Èrò tèmi ni pé ibi tí kò yẹ ni ìkìlọ̀ náà dojú kọ. Wọ́n ń kọ́ wa pé ká máa yẹ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa wò fínnífínní, bóyá a ó rí àmì pé ayédèrú ni. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀ lónìí ni pé kò sí ojú tó lè dá gbogbo ayédèrú mọ̀. Ìbéèrè tó lè gbà wá ni èyí: ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ta ló sì júwe ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà dáhùn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ oníjìbìtì ṣe ń lọ. Oníjìbìtì tí mò ń sọ kì í fọ́ báńkì. Ẹ̀rọ báńkì le, ìmọ̀ àti owó tó máa gbà kí èèyàn tó wọ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó rọrùn fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kó àṣírí fún un. Yóò fi orúkọ ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún tàbí tí a ń bẹ̀rù pe ara rẹ̀: báńkì wa, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ síìmù, àjọ EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì owó. Yóò sọ ohun tó máa já wa láyà tàbí tó máa mú inú wa dùn, yóò fi gbèdéke kúkúrú sí i, lẹ́yìn náà ni yóò nawọ́ nǹkan kan sí wa láti tẹ̀, yálà líǹkì tàbí nọ́ńbà fóònù. Líǹkì náà á gbé wa lọ sójú ìwé tó jọ ti báńkì wa dórí àwọ̀ àti àmì ìdámọ̀. Níbẹ̀ la ó ti kọ nọ́ńbà iwájú káàdì, ọjọ́ tí káàdì máa kásẹ̀ nílẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti PIN. Bí a ṣe ń kọ ọ́ ni ẹni náà ń lò ó lórí ìkànnì báńkì gan-an, ìdí nìyẹn tí OTP (kóòdù tí a máa ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) fi máa wọlé sórí fóònù wa ní ìṣẹ́jú kan náà. Ojú ìwé èké náà á béèrè OTP ọ̀hún, a ó kọ ọ́, owó á sì ti lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé níwọ̀n ìgbà tí OTP ti wà, kò séwu. OTP dáàbò bo ẹni tó bá pa á mọ́ nìkan ṣoṣo.

Irú kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp. Ọ̀rẹ́ kan, tàbí ẹnì kan nínú ìjọ, yóò kọ̀wé pé òun ṣèèṣì fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí wa, ká jọ̀ọ́ ká dá a padà. Ọ̀rẹ́ náà kọ́ ló ń kọ̀wé. Wọ́n ti gba WhatsApp tirẹ̀ ná. Bí a bá ti fi kóòdù náà sílẹ̀, tiwa náà ti lọ nìyẹn, orúkọ wa ni wọ́n á sì fi máa yáwó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa. Kò sí líǹkì níbẹ̀, kò sí ojú ìwé èké, kò sì sí àṣìkọ. Ìbọ̀wọ̀ àti ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn tó mọ ara wọn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́.

Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ láàárín wa ni pé ojúkòkòrò ló ń kó èèyàn sí wọn lọ́wọ́. Ìtàn orílẹ̀-èdè wa láìpẹ́ yìí kò gbe ìgbàgbọ́ yẹn lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì yòókù gbé BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì) jáde. Wọ́n fún àwọn oníbàárà di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2015 láti so ó mọ́ àkáǹtì, wọ́n sì tún sún un sí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Àsìkò yẹn gan-an ni àtẹ̀jíṣẹ́ èké gba ìlú kan: a ti dí káàdì ATM rẹ nítorí BVN, pe nọ́ńbà yìí kíákíá. Ẹ jẹ́ ká ro ó dáadáa. Ẹni tó pe nọ́ńbà yẹn kò wá owó ọ̀fẹ́. Owó ara rẹ̀ ló fẹ́ dáàbò bò, àṣẹ ìjọba ló fẹ́ pa mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn so NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè) mọ́ síìmù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní àkókò tí àrùn kòrónà ṣì ń jà, tí èrò sì kún ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, fọ́fọ́. Wọ́n sún ọjọ́ náà títí, kó tó di pé wọ́n dí ìpè síìmù tí kò ní NIN ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ MTN tàbí Airtel, tó ní òun fẹ́ bá ìyá kan so NIN, ọ̀rọ̀ tó ń sọ jọ òótọ́ nítorí pé òótọ́ ni àṣẹ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti owó náírà. Báńkì Àpapọ̀ kéde àyípadà àwọ̀ owó ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, gbèdéke àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìparí oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ rántí ìlà àti ìjà tó wà níwájú ATM. Àwọn àgbà tí kò fi fóònù fi owó ránṣẹ́ rí ni wọ́n fipá sọ di oníbàárà orí ayélujára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, láìsí ẹni tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá sí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023, ó ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ nínà títí di ìparí ọdún náà, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tuntun wọ̀nyẹn ti wà lórí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ìyà dé, ìjọba sọ̀rọ̀ owó ìtura, líǹkì owó ìtura èké sì gba orí WhatsApp. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, àṣẹ náà jẹ́ òótọ́, gbèdéke jẹ́ òótọ́, ìhalẹ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ohun kan ṣoṣo tí oníjìbìtì fi kún un ni nọ́ńbà tirẹ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba: ìjọba tó ń fi gbèdéke ọ̀sẹ̀ méjì lé aráàlú kiri ló ń kọ́ aráàlú láti máa fi ìbẹ̀rù yára ṣe nǹkan. Àṣà yẹn gan-an ni oníjìbìtì ń jẹ lára rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí n má gba ojúkòkòrò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Lóòótọ́, ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ Abuja yìí wà nínú ọ̀kan lára jìbìtì tó tóbi jù lọ tí ayé tíì gbọ́. Láàárín ọdún 1995 sí 1998, Emmanuel Nwude àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lu Banco Noroeste, báńkì kan ní ilẹ̀ Brazil, ní jìbìtì tí iye rẹ̀ tó nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 242. Ọwọ́ ọ̀gá báńkì náà kan, Nelson Sakaguchi, ni owó ti ń jáde, pápákọ̀ òfuurufú tuntun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ sí Abuja ni wọ́n sì ní owó náà wà fún. Wọ́n ṣèlérí èrè ńlá fún un, ó sì fẹ́ èrè náà. Àmọ́ ẹ wo ohun tó mú un gbà wọ́n gbọ́: Nwude ń pe ara rẹ̀ ní Paul Ogwuma, ẹni tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà. Ojúkòkòrò ló mú Sakaguchi fetí sílẹ̀. Orúkọ gómìnà ló mú un sanwó. Ká ní ó fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà Báńkì Àpapọ̀, tó sì pè é láìgba ọwọ́ àwọn tó kọ̀wé sí i, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ì bá tán.

Àwọn mìíràn á ní àìmọ̀wé ni. Èyí ni mo rò pé ó léwu jù, nítorí pé ó ń fi àwọn tó kàwé lọ́kàn balẹ̀ lásán. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, ọkùnrin ará Lithuania kan, Evaldas Rimasauskas, fi ìwé owó èké ránṣẹ́ sí Google àti Facebook ní orúkọ ilé-iṣẹ́ Quanta Computer ti Taiwan, tí àwọn méjèèjì ń bá ṣòwò ní tòótọ́. Wọ́n san owó tó lé ní dọ́là mílíọ̀nù 100 fún un. Kò sí ẹni tó lè pe òṣìṣẹ́ Google ní púrúǹtù. Oṣù kejìlá ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ ní New York rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún.

Èyí tó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti John Podesta, ẹni tó jẹ́ alága ètò ìpolongo ìbò Hillary Clinton ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, íméèlì kan wọlé fún un ní orúkọ Google: ẹnì kan ti mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ, yí i padà báyìí. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò kánjú tẹ líǹkì inú rẹ̀. Wọ́n ṣe ohun tí gbogbo ìkìlọ̀ sọ pé ká ṣe: wọ́n béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Onímọ̀ náà dáhùn pé íméèlì tòótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló sọ pé àṣìkọ ni, pé òdì kejì ọ̀rọ̀ náà ló wà lọ́kàn òun. Ṣùgbọ́n nínú ìdáhùn yẹn kan náà ló ti kọ àdírẹ́sì Google gidi sílẹ̀ fún wọn pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti lọ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé náà padà. Ká ní wọ́n gba ibẹ̀ ni, àṣìkọ onímọ̀ ì bá má pa ẹnikẹ́ni lára. Líǹkì inú íméèlì àkọ́kọ́ ni wọ́n tẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àṣírí sì di ti gbogbo ayé kó tó di ọjọ́ ìbò. Onímọ̀ lè ṣìdájọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán síni. Ọ̀nà tí a fúnra wa yàn ni kò ní jẹ́ kí àṣìṣe yẹn di òfò.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn àmì tí wọ́n kọ́ wa láti máa wò ti ń tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ká máa wo àṣìkọ. Cormac Herley, onímọ̀ kan ní Microsoft, ti ṣàlàyé ní ọdún 2012 pé ó lè jẹ́ àǹfààní fún oníjìbìtì pé kí ìwé rẹ̀ rí wúruwùru, torí àwọn tó bá fura á yáa fi í sílẹ̀, àwọn tó rọrùn láti mú nìkan ló máa ṣẹ́kù. Láti ìparí ọdún 2022 tí ẹ̀rọ bíi ChatGPT sì ti dé ọwọ́ gbogbo ayé, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè kọ lẹ́tà tó mọ́ tónítóní. Yorùbá náà ń bọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ká máa wo àmì àgádágodo lókè ojú ìwé. Àmì yẹn ń sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò lè yọjú wo ohun tí à ń kọ bó ṣe ń lọ. Kò sọ ẹni tó ń gbà á ní òdì kejì. Google fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò lórí Chrome ní ọdún 2023 nítorí pé àwọn èèyàn ń ṣì í lóye. Èyí tó ṣì ní láárí ni àdírẹ́sì: lẹ́yìn https://, kí àmì / àkọ́kọ́ tó dé, ọ̀rọ̀ tó kángun sí .com, .com.ng tàbí .ng ló ń sọ onílé, ẹnikẹ́ni sì lè kọ orúkọ báńkì síwájú rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìjọba kì í sì í fún aládàáni ní .gov.ng. Ó dára ká mọ èyí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fara balẹ̀ ka àdírẹ́sì lórí fóònù kékeré, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Apo, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé owó oṣù wa fẹ́ lọ?

Ẹ̀yin ará Kabusa ti mọ ọgbọ́n tó yẹ ká lò, ibi ilẹ̀ ríra lẹ ti kọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé ilẹ̀ wá ní Lokogoma tàbí Galadimawa, ẹni tó gbọ́n kì í jókòó máa wo bóyá òǹtẹ̀ orí rẹ̀ dára. Kì í sì í pe nọ́ńbà tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ kọ sílẹ̀ fún un pé òun ni yóò jẹ́rìí sí i. Òun tàbí lọ́yà rẹ̀ yóò lọ sí AGIS, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, láti lọ yẹ ìwé náà wò níbi tí àkọsílẹ̀ wà. Ohun kan náà ni kí á ṣe sí ọ̀rọ̀ báńkì. Iṣẹ́ yòówù tó bá wọlé, a kì í tẹ líǹkì inú rẹ̀, a kì í pe nọ́ńbà inú rẹ̀, a kì í dáhùn lórí ìpè náà. A ó pa fóònù, a ó sì gba ọ̀nà tí a ti mọ̀ kí iṣẹ́ náà tó dé: nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ATM, ápù báńkì tó ti wà lórí fóònù wa tẹ́lẹ̀, tàbí káńtà báńkì. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, a ó bá a níbẹ̀.

Wọ́n á ní báńkì gidi náà ń pe èèyàn, ó sì ń fi líǹkì ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀bi báńkì. Kí a pa ìpè òótọ́ kí á tó pè padà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ báńkì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo gbà pé àtakò yìí lágbára ní ibì kan. Nígbà tí oníbàárà bá pe báńkì tí wọn kò gbé e, yóò lọ fi ẹjọ́ sùn lórí Facebook tàbí X, kíákíá sì ni ẹnì kan tó fi àmì báńkì náà sójú ara rẹ̀ yóò dá a lóhùn, tí yóò ní kó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Báńkì gidi dákẹ́, èké ló dáhùn. Aráàlú kò lè gba ọ̀nà tòótọ́ bí àwọn tó ni ọ̀nà náà bá ti i. Ó yẹ kí Báńkì Àpapọ̀ fi dandan lé e pé kí wọ́n máa gbé fóònù, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú fífi líǹkì ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ àkáǹtì.

Àtakò tó kù ni ti ọ̀nà jíjìn àti ti ọjọ́ orí. Kì í ṣe gbogbo wa ni ẹ̀ka báńkì wa wà nítòsí. Fún ọ̀pọ̀, oní-POS ni báńkì, ìyá tí kò mọ̀wé kà sì lè má mọ nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí iṣẹ́ yìí jẹ́ ti ìdílé. Kí ọmọ tó wà nílé kọ nọ́ńbà báńkì sórí fóònù màmá pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, látẹ̀yìn káàdì gan-an. Kí gbogbo ilé fẹnu kò pé bí ìpè bá wọlé pé ọmọ kan wà ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ilé ìwòsàn, a ó pa á, a ó sì pe ọmọ náà lórí nọ́ńbà tí a ti mọ̀ ọ́n mọ́. Kí a sì tan ìdáàbòbò onípele méjì inú ètò WhatsApp sílẹ̀ fún wọn, kó lè jẹ́ pé kóòdù mẹ́fà yẹn nìkan kò ní tó ẹnikẹ́ni láti wọlé.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí ká fi àwọn tó ń ṣe é sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Interpol kéde pé ọwọ́ tẹ ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó tí iṣẹ́ wọn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n kéde mọ́kànlá mìíràn, ọ̀rọ̀ ìwọlé tó lé ní 800,000 ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Àwọn kan láàárín wa ṣì ń sọ pé owó òyìnbó ni wọ́n ń gbà, pé ẹ̀san ni. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba ti òyìnbó ni wọ́n fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ní ilé wa. Abala 32 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 sọ irú jìbìtì yìí di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà, tàbí méjèèjì. Òbí tó mọ̀ tó sì dákẹ́ ń fi ọmọ rẹ̀ ṣòfò.

Ní ti ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí, ìtìjú ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Láti ọdún 2011 ni owó ti ń kúrò ní báńkì kan bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn oníjìbìtì sì máa ń tètè pín in sí àkáǹtì púpọ̀. Wákàtí tí èèyàn fi ń rò ó bóyá kí òun sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ òun ni owó ń lò láti parẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má bẹ̀rẹ̀ sí í bú onítọ̀hún. Kó bá a pe báńkì, kí wọ́n dí àkáǹtì àti káàdì, kí wọ́n sì kàn sí báńkì tí owó gbà lọ. Bí síìmù bá ṣàdédé pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n pe ilé-iṣẹ́ síìmù náà kíákíá. Kí wọ́n má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ̀rí ni fún ọlọ́pàá àti fún EFCC ní Jabi. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ẹlòmíràn lè pè pé òun lè gba owó náà padà bí wọ́n bá san owó díẹ̀ ṣáájú. Àwọn oníjìbìtì tó ta nọ́ńbà onítọ̀hún fún ara wọn nìyẹn. EFCC kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wá fi ẹjọ́ sùn, òṣìṣẹ́ báńkì náà kì í sì í béèrè PIN kó tó dí àkáǹtì.